Títì Tó Gba Abẹ́ Òkè

Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógójì ni títì tuntun yọ kúrò nínú ìrìn wa.
Ọ̀gá mi ní èbúté Poti, létí Òkun Dúdú,
kọ ọ́ sára pátákó, ó fi tádàwá pupa fa ìlà sí i nídìí.
Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógójì, ọgbọ̀n tírélà, lójoojúmọ́:
owó ni.
N kò jiyàn. Nínú owó náà ni mo ti san gbèsè ilé,
nínú rẹ̀ ni Lamzira ọmọ mi ti ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Tbilisi.

Ṣùgbọ́n orí òkè tí títì náà gba abẹ́ rẹ̀ ni abúlé wa wà.

Wọ́n ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà.
Tiwa, ọ̀nà kan náà ni, òun gan-an sì ni ọjà.
Tsiala, ìyá mi àgbà, a jí láago mẹ́rin,
a dáná sínú ààrò amọ̀ tó jìn bí kànga,
a bẹ̀rẹ̀ títí orí rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọná,
a lẹ búrẹ́dì aládùn mọ́ ògiri rẹ̀,
èso àjàrà gbígbẹ nínú rẹ̀ wẹ́wẹ́.
Lẹ́yìn náà a dúró létí títì, a máa juwọ́ sí mọ́tò
bí ẹni tó ń kí àna.
Òun àti ogójì obìnrin.
Búrẹ́dì yẹn ló ra bàtà tí mo wọ̀ lọ síléèwé.
Ọ̀nà mọ́tò ni ọ̀nà ọ̀fun wa.

Àwọn ará Ṣáínà gbẹ́ òkè náà lódindi ọdún mẹ́rin.
Guram, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, bá wọn ru irin; owó rẹ̀ pé.
Ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n ṣí i, àgọ́ mọ́kànlá ló ṣì ń dáná.
Nígbà tí yìnyín fi dé, ó ku mẹ́ta.

Alaalẹ́ ni mo ń gba ihò náà kọjá báyìí,
pẹ̀lú kọ̀ǹtẹ́nà ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti òkè òkun wá.
Kò sí igi níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń juwọ́.
Mo ti ṣírò rẹ̀: tí mo bá dé iná kejìlélógún lápá ọ̀tún,
ìyá àgbà ń sùn lókè orí mi.

Lọ́jọ́ kan, mo yà.
Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ inú tírélà yóò fẹjọ́ mi sùn.
Koríko ti ń hù láàrin ọ̀dà.
Ìyá àgbà juwọ́ sí mi, kò mọ̀ pé èmi ni
títí mo fi sọ̀kalẹ̀.
Síbẹ̀, ó ka ṣéńjì búrẹ́dì méjìlá fún mi, kò dín kọ́bọ̀ kan.
Ó wo ẹ̀yìn mi. Ó ní, “Ṣé àwọn yòókù ń bọ̀?”

“Ọ̀nà jìn,” ni mo wí.

Lóṣù yẹn, ọ̀gá yọ ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógójì kúrò nínú owó mi.
Ó kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa. Tádàwá pupa náà ni.