Ajíbójò

Iṣẹ́ mi ni kí n fi ọ̀dà pupa sàmì sára àpáta
níbi tí ẹ̀rọ yóò ti lu ihò, tí wọn yóò ti ki ẹ̀tù bọ̀ ọ́.
Ọdún mọ́kànlélógún. Bí ẹ bá gba ọ̀nà Àkúrẹ́ lọ sí Ìta-Ògbólú,
tí ẹ rí eruku funfun lórí ewé kòkó,
ẹ ti rí ọwọ́ mi.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lóru ọjọ́ Ẹtì.
Láàárọ̀, mo gun ẹ̀yìn àpáta pẹ̀lú agolo ọ̀dà mi,
mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fa àmì kẹrin,
ohun kan sì ń wò mí.
Kò ga tó ìka ọwọ́.
Àwọ̀ rẹ̀ dà bí aró ìkẹyìn nínú ìkòkò,
èyí tó ti ń ṣí, tí kò tíì pòórá.
Ó dúró nínú ìlà kan tí kò gbà ju ẹ̀kúnwọ́ iyẹ̀pẹ̀ lọ.

Ìyá mi máa ń dárúkọ rẹ̀: Ajíbójò.
Ó ní nígbà tí àwọn wà lọ́mọge,
bó bá ti yọ lórí òkè, àwọn a mọ̀ pé àgbàdo ti yá ní gbígbìn.
Mo rò pé ìtàn ni.
Ohun téèyàn kò bá rí rí, ìtàn ló ń pè é.

Mo fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Mosúnmọ́lá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi,
tó ń kọ́ nípa ewéko ní yunifásítì ní Ọbańlá.
Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán, ó ti dé pẹ̀lú bàtà òjò.
Ó fi ikùn wọ́ lórí àpáta bí alángbá, ó ń kà á sínú.
Mẹ́tàlá.
Ó tún un kà. Mẹ́tàlá náà ni.
“Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni,” ó ní,
“àwọn tó máa wá wò ó ló máa tẹ̀ ẹ́ pa.”
Mo rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo gbé ọ̀dà dání ńkọ́?

Òun kò rẹ́rìn-ín.
Ó ní bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, a gbẹ, a sì dúdú bí ìdí ìkòkò,
ẹ fọwọ́ rún ewé rẹ̀, a di lúbúlúbú,
síbẹ̀ kò kú.
Mo ní, àṣé ohun tí wọ́n ń pè ní òkúta nìyẹn:
òkú ta.
Òkú ta bí iṣu ti í ta,
lábẹ́, níbi tójú kò tó.

Ọ̀gá Fámúrewá fẹ́ ogójì típà kí ọ̀sẹ̀ tó parí.
Títì ni wọ́n ń ṣe, títì sì fẹ́ òkúta.
Títì yìí kan náà ni mo fi gbé ìyá mi lọ sílé ìwòsàn,
kòtò ojú ọ̀nà ń gbé e sókè, ó ń sọ ọ́ kalẹ̀,
kò sọ̀rọ̀.
N kò lè bú títì.

Ṣùgbọ́n mo sún àmì kẹrin. Mo sún ìkarùn-ún.
Ẹsẹ̀ bàtà méjìlá sápá ìwọ̀ oòrùn;
mo fi òkúta ha ọ̀dà àkọ́kọ́ kúrò títí èékánná mi fi ya.
Ọ̀gá béèrè. Mo ní àpáta lanu níbẹ̀ yẹn,
ó lè fọ́ gba ibi tí a kò fẹ́.
Irọ́ kọ́. Ó lanu lóòótọ́.
N kò kàn sọ ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ ni.

Ní agogo méjì ọ̀sán wọ́n fun fèrè. A sá pamọ́.
Ilẹ̀ kùn bí inú ẹni tébi ń pa.
Eruku gbéra, ó wálẹ̀,
ó bo gbogbo nǹkan, kò yan ẹnì kan.

N kò gun òkè lọ wò ó.
Mosúnmọ́lá lọ. Ó pè mí lórí fóònù: mẹ́sàn-án.
Mo ní kó tún un kà.
Ó ní òun ti kà á lẹ́ẹ̀mẹta.

Báyìí ọyẹ́ ti dé, ètè ti ń là.
Nínú agolo mílíìkì kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi
ni hóró dúdú wà, kò tó iyọ̀ tí ìka méjì lè bù.
Ó ní kí n má jẹ̀ẹ́ kómi kàn án, kó tó àsìkò.
Ọwọ́ mi ṣì pupa. Ọ̀dà yẹn kì í tètè lọ.
Lálẹ́ mo máa ń gbọ́ àwọn típà tó ń kọjá,
bí wọ́n bá ti lọ tán, mo tẹ́tí sí páànù
bí onígbèsè ti í tẹ́tí sí ìlẹ̀kùn.
Kò tíì rọ̀.