Oje Kájú

Oṣù méje ni. Ọmọ́lará kò tíì rà ju fìlà kan lọ.
Ìdófin la bí i sí, ọjọ́ kẹta ká tó gbé e dé Ìsánlú.
Kóńgò gàrí kan wúwo jù ú lọ.

Wọ́n gún un ní gìgísẹ̀, wọ́n fẹ́ mọ iye ṣúgà ara rẹ̀.
Ojú abẹ́rẹ́ kò tó orí èèrà,
ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ń sun, ó ń sun,
òwú kìíní pọ́n, òwú kejì pọ́n,
mo ka òwú dé mẹ́fà, mo dẹ́kun kíkà.

Yèyé mi ní, "Ẹ má gún un mọ́. Kí ló kù lára rẹ̀?"
Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Nọ́ọ̀sì Ibítóyè mú ìgò wá, kékeré bí ẹyin alángbá,
omi inú rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú.
"Fítámì K," ló wí. "Inú ewé ló ń gbé,
inú ìfun àgbàlagbà pẹ̀lú.
Ọmọ tó kánjú wá kò rí i dì sẹ́rù.
Ìwọ̀nba díẹ̀ ló wà nínú ọmú.
Ẹ̀jẹ̀ tí kò sì rí i, kò mọ bí wọ́n ti ń dì."

K. Mo fi ahọ́n tọ́ ọ wò.
K kájú. K Kàbà.
K kánjú: ìyẹn tìẹ, àlejò mi.

Àgbẹ̀ kájú ni mí.
Bí àdá bá ṣèèṣì bà á léèpo, igi kì í pariwo.
Oje rẹ̀ á rọra yọ, á dúró lójú egbò,
á gan bí gíláàsì pupa,
òjò á rọ̀ lé e lórí, kò ní wọlé.
Mi ò bi í rí pé ta ló fún un lóje.

Itan ọmọ náà kò ju àtàǹpàkò mi lọ.
Abẹ́rẹ́ wọlé. Ó ké bí ọmọ ológbò.
Yèyé mi kọjú sí fèrèsé, síbi òkè,
ó ní àpáta yẹn ti wà kí wọ́n tó bí baba òun.
Mi ò mọ ohun tó ní lọ́kàn.

A jókòó. Iná lọ, jẹnẹrétọ̀ bú, iná dé.
Òwú mìíràn pọ́n. Èyí tó tẹ̀lé e pọ́n díẹ̀.
Nígbà tí àkùkọ ilé olùṣọ́ kọ,
nọ́ọ̀sì ṣí òwú, ó fi hàn mí, kò sọ̀rọ̀:
àmì dúdú kan. Ó ti dì.

Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ṣì kù nínú àpótí gíláàsì yìí.
Kájú ń já bọ́ lóko, kò sẹ́ni tó ń ṣà á.
Kó máa já.