Èékánná Lékeléke

Lẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé wa ní Jọ́ọ̀sì,
níbi tí ọyẹ́ ti ń la ètè àgbà bí ó ti ń la tọmọdé,
àgékù bébà a máa gun orí ara wọn bí òkìtì:
etí kàlẹ́ńdà, ìdí ìwé ìpè ìgbéyàwó,
ìwé ètò ìsìnkú tí wọ́n tẹ̀ kọjá iye èrò.
Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń tì wọ́n sábẹ́ abẹ ẹ̀rọ,
èmi tí wọ́n ń pè ní Bayarabe,
ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí ọ̀nà ilé ti ń sú lójú.

Nanret tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi
ló kọ́kọ́ ṣẹ́ bébà kan di ẹyẹ.
Ó ní ará Japáànì ló ni ọgbọ́n náà,
ó pe orúkọ ẹyẹ kan tí n kò rí rí.
Mo wo ọrùn gígùn, mo wo ìyẹ́ funfun,
mo ní, irọ́ ni, ọmọ mi. Lékeléke lèyí.

Báyìí ni ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ṣe di ti ẹyẹ.
Ẹnì kan mú ẹnì kejì wá.
Talatu tó ń ta kunu wá láti òdì kejì títì,
Kangyang olùkọ́ wá láti ìhà ìhín.
Títì náà ò ju ìsọ̀kò kan lọ,
ṣùgbọ́n láti ọdún kónílé-ó-gbélé,
àwọn tó ti ń yá ara wọn níyọ̀
wá ń wò ó bí odò tó kún.

Tábìlì kan ṣoṣo la ní.
Talatu jókòó sí orí, Kangyang sí ìdí,
àwa yòókù há sí àárín bí irọ̀rí.
Kò sẹ́ni tó dárúkọ òkú.
Wúyẹ́wúyẹ́ bébà nìkan là ń gbọ́.

Mú igun bá igun. Ṣẹ́ ẹ.
Yí i padà. Ṣẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan sí i.
Fi èékánná tẹ ojú ìlà, kó dá ṣáká.
Ẹni tó bá kánjú, ẹyẹ rẹ̀ a yarọ.

Èékánná! Nígbà tí mo wà lọ́mọdé,
bí lékeléke bá ń tẹ̀lé màlúù kọjá,
a ó na ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sókè
kí wọ́n fi díẹ̀ nínú funfun wọn ta wá lọ́rẹ.
Ẹni tí tóótòòtó kan bá yọ sí àtàǹpàkò rẹ̀,
a fi yangàn títí ọ̀sẹ̀ á fi parí.

Ọwọ́ òsì Kangyang kì í ká mọ́
láti ọdún yẹn. A mọ̀; a kì í wò ó.
Ìgúnpá ló fi ń di bébà mọ́ tábìlì,
eyín ló fi ń fa ìrù ẹyẹ.
Ní Ọjọ́bọ̀ kan bébà bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.
Talatu dìde.
Mo rò pé kúlà kunu rẹ̀ ló fẹ́ lọ gbé.
Ó gba ẹ̀yìn wa kọjá, ó fa àga,
ó na ìka kan,
ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ igun bébà náà.
Kò wo ojú Kangyang. Kangyang ò wo tirẹ̀.
Ọ̀kan ń ṣẹ́, ọ̀kan ń dì í mú,
èékánná tó kun làálì, èékánná tó há ṣọ́ọ̀kì,
lórí ìlà kan náà.

Ẹyẹ náà ò dára, kí n má parọ́.
Ọrùn rẹ̀ wọ́, ìyẹ́ kan gùn ju ìkejì,
ìdajì orúkọ ìyàwó kan tí n kò mọ̀
sì wà ní àyà rẹ̀.
"Balbela," Talatu wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.
"Balbela ni," Kangyang dáhùn.
Nanret la ẹnu láti jiyàn;
mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

Ẹyẹ ọ̀hún ṣì ń bẹ níbẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri
lẹ́gbẹ̀ẹ́ abẹ ẹ̀rọ.
Bí mo bá ń gbálẹ̀, mo máa ń yà fún un.