Ìbéèrè Kẹrìnlá

Eerika wá láti Hẹlsínkì, yìnyín ṣì wà lójú adágún.
Ó to ìgò tín-ín-rín méjì sórí tábìlì ìyá mi.
"Ẹ tutọ́ sí i," ó ní, "títí yóò fi kan ìlà yìí."
Ìyá mi Hilkka tutọ́. Àǹtí Aune tutọ́.
Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ẹni jí ṣúgà lá.

Lẹ́yìn náà ló fa fọ́ọ̀mù yọ.
Ìbéèrè kẹrìnlá: ọwọ́ wo lẹ fi ń kọ̀wé?
"Ọ̀tún," ni ìyá mi wí.
"Ọ̀tún," ni Aune wí.
Bírò ti fẹ́ fàmì sí i
kí Aune tó ní, "Dúró ná, ọmọ mi.
Ọ̀tún tiwa yìí, okùn ló bí i."

Ó wá sọ ohun tí n kò gbọ́ rí látọjọ́ tí wọ́n ti bí mi:
nílé ẹ̀kọ́ Kuhmo, lọ́dún tí bàtà ṣì wọ́n,
ọ̀kan nínú wọn ń fi ọwọ́ àlàáfíà kọ̀wé,
ṣùgbọ́n ọwọ́ náà kò rí àlàáfíà kankan.
Tíṣà Tuovinen á fi òwú so ó mọ́ àga,
ìka tó bá jà bọ́, rúlà á bá a sọ̀rọ̀.
Ojú wọn jọra, irun wọn jọra,
ìró ikọ́ wọn pàápàá jọra;
ọwọ́ yẹn nìkan ni tíṣà fi ń dá wọn mọ̀.
Èkejì rò ó lóru, lábẹ́ aṣọ ìbora kan náà.
Ilẹ̀ mọ́, òun náà mú pẹ́ńsù sí òsì.
Wọ́n pín ẹgba bí ẹni pín búrẹ́dì,
lónìí ìwọ, lọ́la èmi,
títí ó fi sú rúlà.

"Ta wá ni ọlọ́wọ́ òsì gan-an?"
"Ìwọ ni."
"Èmi kẹ̀? Ìwọ ni!"
Wọ́n jiyàn títí kọfí fi tutù.

Eerika ní kò burú. Ẹyin kan ló pín sí méjì,
àbùdá inú ìgò yìí náà ló wà nínú ìyẹn,
síbẹ̀ ẹyin kan lè hu ọwọ́ tí kò dọ́gba.
Jíìnì tó ń dá sí i pọ̀, kò sí ọba láàárín wọn:
ọ̀kan á tì í díẹ̀, òmíràn á fà á díẹ̀,
ìyókù dọwọ́ kòńgẹ́
nínú òkùnkùn tí ẹnì kan ò rántí.
"Itọ́ yín kò lè sọ ọ́ fún mi," ó ní.
Àwọn tó ni itọ́ náà kò lè sọ ọ́.
Ó kọ "kò dájú", ó gbé ìgò rẹ̀, ó lọ.

Nírọ̀lẹ́ ìyá mi ń họ ìpẹ́ ẹja,
ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọ̀tún, bí mo ti ń rí i láti kékeré.
Ológbò fò, ọ̀bẹ bọ́.
Òsì jáde láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó hán an lófuurufú
kí n tó ṣẹ́jú.
Ìyá mi ń wo ọwọ́ náà
bí ẹni ń wo àlejò tó ti ní òun ò ní í wá mọ́.
Ó nu ìpẹ́ kúrò níka. Ó gbé fóònù.
"Aune," ó ní, "o ṣé o."
Kò sọ ìdí.
Mo gbọ́ Aune lódìkejì,
ó ń béèrè bóyá ẹja ti jinná.