Ìwé Ìbúra ní Ìyágankú

Ìbídùn pè mí lálẹ́ Jímọ̀,
ó ní, "Màámi, wọ́n ti gbà mí gbọ́."
Ọdún mẹ́rin ló fi ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà
fún lọ́yà, fún dókítà,
fún ọkùnrin tó ń tẹ kọ̀ǹpútà tí kò gbójú sókè.
Wọ́n ti fún un ní físà àwọn tí a tà.
Ó ní nínú físà náà, àyè wà fún ìyá.

Ni mo ṣe jókòó sí Ìyágankú láàárọ̀ yìí,
níwájú kóòtù, lórí bẹ́ǹṣì tó ń mì,
pẹ̀lú fọ́tò mẹ́rin tí mo yà ní Mọ́kọ́lá.
Ayàwòrán ní kí n má rẹ́rìn-ín.
Ta ló sọ fún un pé mo fẹ́ rẹ́rìn-ín?

Akọ̀wé fa bírò yọ lẹ́yìn etí.
"Ọjọ́ wo lẹ bí i?"
Mo ní ọjọ́ Àlàmísì ni, òjò ń rọ̀, agbẹ̀bí ò ríná.
Ó kọ nọ́ńbà kan síbẹ̀.
"Ta ló mú un lọ?"

Sìdíkátù ni, àbúrò bàbá rẹ̀.
Ó ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí ń dúró dè é,
ó ní tó bá fi máa pé ọdún méjì, ọmọ á ti kọ́lé.
Ìyẹn ò ṣòro láti sọ.

Ṣùgbọ́n ta ló di ẹrù?
Ta ló pọ́n gàrí sínú ọ̀rá méjì kó má baà tú,
tó rán owó mọ́ etí yẹ̀rì,
tó sìn ín dé gáréèjì Òjóò,
tó ní, "Má wẹ̀yìn"?
Ta ló gba owó àkọ́kọ́ tó fi ránṣẹ́,
tó fi pààrọ̀ páànù ilé,
tí kò béèrè iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lóru?
Páànù náà ò jò títí dòní.
Bí òjò bá sì ń rọ̀, ńṣe ni mo máa ń dìde jókòó.

"Ìyá, èrò wà lẹ́yìn yín o."

Ìlà kan ṣoṣo ló wà nínú fọ́ọ̀mù,
kò gbà ju orúkọ ẹnì kan lọ.
Mo pe Sìdíkátù. Ó kọ ọ́.
Mo ní, "Ṣé àyè ṣì kù?"
Ó ní, "Àyè kí ni?"
Ó ti tàdáwà sí mi, mo tẹ̀ka.

Mo ti dé Òkè-Àdó kí fóònù tó dún.
"Màámi, ṣé ẹ ti ṣe é?"
Mo wo àtàǹpàkò mi, ó dúdú títí dé oríkèé.
"Mo ti ṣe é, Ìbídùn.
Èmi ni mo ṣe é."