Ibi Ìjókòó

Aago mẹ́ta òru ní Oulu. Yìnyín bo fèrèsé.
Taimi ń bẹ sáfà ilé ìkàwé: "Gba ẹrù yìí."
Ó ní: "Ó dìgbà tí ẹrù iwájú bá jókòó."
Ẹrù iwájú ní: "Mo ti wọlé, n ò tíì ríbi jókòó."
Adìyẹ bà lókùn.

Ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ kan láìnídìí,
ó ń ka àkọsílẹ̀ àṣìṣe láti ìsàlẹ̀ lọ sókè
bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì.
Ìlà àná: "Àyè tán."

Kì í ṣe ìjà. Ilé ló kún.

Ó kó pàǹtí ọdún mẹ́ta dànù.
Ẹrù wọlé, ó jókòó, kò dúpẹ́.
Taimi ń wá ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ tábìlì.