Ìpẹ́

Ní ibùdókọ̀ Sivas, lẹ́yìn gíláàsì ni mo máa ń jókòó,
mo ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fún àwọn tó ń lọ Erzincan.
Wọ́n á sọ owó sórí káńtà, wọ́n á yára fa ọwọ́ sẹ́yìn.
Bí mo bá na ṣéńjì sí wọn,
wọ́n á ní, "Gbé e sílẹ̀ níbẹ̀, àǹtí."
Ojú ni wọ́n fi ń sọ ìyókù.

Ìgbọ̀nwọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀, kò tóbi ju owó idẹ kan lọ,
lọ́dún tí bàbá mi kú.
Ó di méjì. Ó di ogún.
Ó gun ẹ̀yìn mi, ó wọnú irun,
ó ń bó, ó ń já sórí aṣọ dúdú
bí òjò dídì tí kò tíì pinnu bóyá òun á rọ̀.
Àyúnlọ àyúnbọ̀ ni tọwọ́ ẹnu;
ti ọwọ́ mi àti apá mi, àyúnsùn àyúnjí ni.

Bí mo bá ronú, á yún mi.
Bó bá yún mi, n kò ní í sùn.
Bí n kò bá sùn, ilẹ̀ á mọ́ bá mi lórí àga ilé ìdáná
pẹ̀lú ohun tí n kò lè sọ fún Döndü, ẹ̀gbọ́n mi:
pé mo ti ń dúró pẹ́ jù lórí afárá Kızılırmak.

Dókítà àkọ́kọ́ wo apá mi, kò wo èmi.
Ó kọ ìpara, ó pe ẹni tó kàn.
Èkejì, obìnrin kúkúrú kan tí ọ̀fìnkìn ń bá jà,
nu imú rẹ̀ ná, ó wá ní,
"Halise, oorun ń kọ́?"
Ìbéèrè yẹn nìkan.
Mo sunkún débi pé ó fún mi ní áńkáṣíìfù tirẹ̀.
Ó ní ògiri kan ló wà láàárín awọ àti ọkàn:
bí yàrá kan bá ń jó, èkejì á gbóná.
Ó kọ oògùn; ó tún kọ orúkọ ẹnìkan
tí mo lè máa lọ bá sọ̀rọ̀ ní ọjọ́rú.

Lóṣù keje, Döndü mú mi lọ sí omi gbígbóná Kangal,
níbi tí ẹja wẹẹrẹ ti ń jẹ ìpẹ́ ara ènìyàn.
Mo bọ́ aṣọ. Ọdún kẹtàlá rè é
tí àjèjì ti rí ẹ̀yìn mi gbẹ̀yìn.
Ẹja dé. Wọn kò béèrè bóyá ó ń ràn.
Ẹja, onípẹ̀ẹ́ bíi tèmi,
ta ni yóò gan ẹnìkejì nínú wa?
Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi, n kò pè é.
Ìyá arúgbó kan tí n kò mọ̀ rí súnmọ́ mi nínú omi:
"Bá mi họ ẹ̀yìn, ọwọ́ mi ò débẹ̀."
Ọwọ́ mi yìí náà ni mo fi họ ọ́.

Kò tíì tán o. Oṣù kẹwàá ló padà, sí orúnkún.
Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí mo ká apá aṣọ mi sókè.
Ọkùnrin kan sọ owó sórí káńtà,
mo na ṣéńjì sí i. Ó fi ìka han gíláàsì.
N kò gbé e kalẹ̀. Mo na ọwọ́ náà síbẹ̀.
Ó ku ìṣẹ́jú méjì kí bọ́ọ̀sì gbéra.